Ohun Tí Abẹ Fi Sílẹ̀: Bí Ọmọ Fíngbáfíngbá Ṣe Ń Gé Tákàdá

Igbá fínfín ni wọ́n ń ṣe nílé wa ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó bí mi, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti dé ìsọ̀ mi, tákàdá la máa ń gé. Igbá ti wọ́n, ọ̀bẹ ìfíngbá kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Tákàdá ò gbówó lórí. Bó bá bàjẹ́, a mú òmíràn. Ohun tí mo ń kọ́ wọn náà ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Lórí igbá, ọ̀bẹ kì í yọ sí òdì kejì. Èèpo ìta la ń họ, ara igbá ṣì wà nísàlẹ̀ tó di gbogbo ọnà mú. Bí mo bá fín ojú ẹyẹ sáàárín igbá, tí n kò so ó mọ́ orí, tí n kò so ó mọ́ apá, ojú ẹyẹ ò lọ síbì kankan. Tákàdá ò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ a máa gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tí kò bá sì so mọ́ nǹkan mìíràn, ilẹ̀ ló ń já bọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó ń gé tákàdá gbọ́dọ̀ máa wo ohun méjì pọ̀: ihò tó ń lu, àti tákàdá tó ṣẹ́kù láàárín ihò kan sí èkejì. Èyí tó ṣẹ́kù yẹn gan-an ni ọnà. Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló sọ tákàdá tín-ín-rín tó so apá kan mọ́ apá kejì ní afárá, orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ẹ máa bá a pàdé títí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àwọn ará Ṣáínà ló ti pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì yani lẹ́nu, ọ̀dọ̀ wọn ni tákàdá fúnra rẹ̀ ti wá. Lára àwọn èyí tó pẹ́ jù tí ọwọ́ tíì bà, inú sàréè nítòsí Turpan, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ni wọ́n ti hú wọn jáde, ó sì ti lé ní 1,400 ọdún tí wọ́n ti gé wọn. Rìbìtì ni wọ́n, ṣíṣẹ́po ni wọ́n ṣẹ́ tákàdá po kí wọ́n tó gé e, bí a ṣe máa ṣe tiwa láìpẹ́. Ní 2009, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ iṣẹ́ náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Àwọn obìnrin ìletò ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí ọdún tuntun wọn bá ti ń bọ̀, wọ́n á gé òdòdó, ẹyẹ, ẹja àti ọmọdé láti ara tákàdá pupa, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé. Tákàdá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú fèrèsé láyé àtijọ́, kì í ṣe gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ á wá gba ẹ̀yìn ọnà náà yọ. Ní Huixcolotla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, irin ẹlẹ́nu mímú àti òòlù ni wọ́n fi ń lu tiwọn. Wọ́n á to tákàdá pelebe lé ara wọn lórí, ó lè tó àádọ́ta, kí wọ́n tó gbé òòlù. Ní Pólándì, àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn ni àwọn àgbẹ̀ fi ń gé àkùkọ àti òdòdó. Ẹ ò rí i pé irinṣẹ́ kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Àwa náà ní ìbátan rẹ̀ nílé: àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta tó ń gé ọnà sára páànù tí aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń tẹ ẹ̀kọ sáṣọ, ọ̀rọ̀ afárá yìí kan náà ni wọ́n ń bá yí.

Ó yá, ká lọ sídìí iṣẹ́. Tákàdá ni ká kọ́kọ́ sọ. Tákàdá funfun tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì dára fún ẹni tó fẹ́ fi abẹ gé ìpele kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di ìpele mẹ́jọ, àlùmọ́gàjí á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Fún ṣíṣẹ́po, ẹ wá èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì láwọ̀. Ìwé ìròyìn ò dára, ó máa ń fàya létí, ó sì máa ń pọ́n kíá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ fún abẹ, ẹ lè má rò ó, tákàdá àpò sìmẹ́ǹtì ni. Kì í ṣe ìpele òde tí wọ́n kọ nǹkan sí lára o, ìpele inú tó wà láàárín ni, èyí tí àwa tí a lọ sílé ìwé nígbà kan fi ń bo ìwé wa. Ó le, síbẹ̀ abẹ ń rìn nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ àwọ̀ igbá. Ẹ bo imú, ẹ gbọn ọ́n dáadáa níta, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

Ojú ọjọ́ náà ní ohun tó ń fi tákàdá ṣe. Nígbà òjò, ó máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, á wá rọ̀, abẹ á máa fà á dípò kó gé e. Nígbà ọyẹ́, ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ po á máa sán. Inú ọ̀rá ni mo ń kó tèmi sí lọ́dún yíká.

Àlùmọ́gàjí kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tó, tó bá ti mú dé orí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fi gé ọ̀rá tàbí irun. Ní ti abẹ, bíléèdì ìfárí lè ṣe é: ẹ fi aṣọ tó nípọn dì í mú kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí ẹ fi téèpù wé ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó tọ́ ni abẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, nọ́ḿbà 11, pẹ̀lú èkù rẹ̀. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ilé ìwòsàn máa ń ní i. Abẹ tó ti kú ló ń ṣeni léṣe ju èyí tó mú lọ, torí agbára lẹni tó mú un lọ́wọ́ ń lò, ọwọ́ á sì yẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rò pé ó yẹ ní pípààrọ̀. Ohun tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ tákàdá, ègé kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n tẹ́ pálọ̀ tó, ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ gé e ní Ṣáínà máa ń yọ́ ọ̀rá tàbí ìda, wọ́n á po ó mọ́ eérú sínú àwo pákó, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gé tákàdá lé kí ẹnu ọ̀bẹ má baà tètè kú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni rìbìtì. Ẹ gé tákàdá onígun mẹ́rin tó dọ́gba, kí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ tún un ṣẹ́ po sí méjì, ó ti di onígun mẹ́rin kékeré. Igun kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ìṣẹ́po ti pàdé: ìdodo tákàdá náà nìyẹn. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ẹ wá ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kẹta láti ìdodo yẹn lọ sí igun tó kọjú sí i, kó di onígun mẹ́ta. Ìpele mẹ́jọ lẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Ẹ fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan títí á fi mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sẹ́yìn rẹ̀, níbi tó jìnnà sí ìdodo, kó tẹ̀ kọrọdọ bí etí igbá; ìgbẹ̀yìn la máa gé e.

Kí àwọn ìpele náà má baà máa yọ̀ kúrò lórí ara wọn, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ihò méjì síbi tí ẹ máa gé dànù, kí ẹ fi òwú rán an mọ́ra. Àwọn ará Ṣáínà kì í lo òwú. Wọ́n á lọ́ tákàdá tín-ín-rín, wọ́n á kì í bọ ihò. Mo ti gbìyànjú tiwọn, ó dára, ṣùgbọ́n òwú yá.

Ohun tí ẹ bá gé sétí ìṣẹ́po yóò ṣí di odidi, mẹ́rin ni yóò sì bí. Ohun tí ẹ bá gé sáàárín, tí kò kan etí, mẹ́jọ ni yóò bí. Nítorí náà, ìdajì ewé lẹ máa yà sétí, ìdajì ẹja, ìdajì alángbá tó bá wù yín. Òfin tó wà níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ò gbọdọ̀ gé etí ìṣẹ́po kan tán láti ìdodo dé ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ bá gé e tán, ègé ègé lẹ máa ṣí. Láàárín ihò kan sí èkejì, ẹ fi tákàdá tó fẹ̀ tó mílímítà mẹ́ta sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti dán, ẹ lè dín in kù.

Inú lẹ máa ti gé bọ̀ wá síta, kékeré ṣáájú ńlá. Ìdí rẹ̀ ni pé tákàdá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ kò ní ibi tí ọwọ́ máa gbá mú mọ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo máa ń sọ títí ọ̀nà ọ̀fun á fi gbẹ: ọwọ́ tó mú àlùmọ́gàjí kì í rìn. Ọwọ́ kejì tó mú tákàdá ló ń yí i. Ẹ di ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ la ẹnu àlùmọ́gàjí, ẹ máa ti tákàdá wọ ìdí rẹ̀, kí ẹ máa yí tákàdá náà bí ìlà ṣe ń tẹ̀. Ẹ má pa ẹnu rẹ̀ dé tán láàárín ìlà. Ibi tí ẹ bá ti pa á dé, eyín kékeré kan á yọ síbẹ̀, ojú ò sì ní í kúrò lára eyín yẹn títí láé. Orí rẹ̀ tó rí ṣóńṣó, òpin ìlà la ń lò ó fún.

Abẹ ní tiẹ̀ kì í fẹ́ kéèyàn fi òun yí igun. Níbi tí ìlà méjì ti pàdé, ẹ ti orí igun gé ìkíní jáde, ẹ gbé abẹ sókè, ẹ padà sórí igun kan náà, kí ẹ gé èkejì jáde. Igun á mú. Ẹni tó fi abẹ yí igun, gbígbọ̀n ló máa bá níbẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí la tó ń dé ibi tí iṣẹ́ ti ń di ọnà. Oríṣi gígé méjì ló wà. Ẹ jẹ́ ká mú alángbá tí à ń fín sára igbá. Ẹ lè fi ìlà sílẹ̀, kí ẹ gé ara rẹ̀ yòókù dànù: ìlà ẹ̀yìn, ìlà ẹsẹ̀, ìlà ìrù, gbogbo rẹ̀ á dúró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á gba ikùn rẹ̀ kọjá. Ẹ sì lè fi ara sílẹ̀, kí ẹ gé ìlà dànù: alángbá á dúró dẹ̀dẹ̀, á dúdú bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ihò tín-ín-rín ló máa ṣàpèjúwe ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Ní ti àkọ́kọ́, gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ so mọ́ra. Ní ti èkejì, ìlà ò gbọdọ̀ pàdé yí nǹkan ká, torí ohun tó bá yí ká ló máa já bọ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Àgbà ọ̀jẹ̀ a máa pa méjèèjì pọ̀ sára ohun kan: orí alángbá á dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ á kún fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́, ìrù á padà dúdú. Èmi ò fẹ́ràn iṣẹ́ tí gbogbo ara rẹ̀ kún fún ihò. Ojú ò rí ibi jókòó sí.

Nínú ihò wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ń gé, méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan dà bí eyín ayùn, òun ni wọ́n fi ń ṣe irun ẹran àti ìyẹ́ ẹyẹ. Èkejì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìpẹ́ ẹja, ìpéǹpéjú, àti ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po lára èèyàn. Bí mo bá fẹ́ mọ ọwọ́ tó ti gbó, eyín ayùn yẹn ni mo ń wò. Ọwọ́ tuntun á gé gbogbo eyín ní ìwọ̀n kan náà. Ọwọ́ tó gbó á jẹ́ kí wọ́n kúrú níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gùn láàárín, kí wọ́n tún kúrú lópin, ẹni tó ń wò ó á sì rò pé irun náà ń mì.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti Ọ̀yọ́ wá á fẹ́ gbé ọnà igbá lé tákàdá lódindi. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí igbá, a máa ń fi ìlà kọ já ìlà láti kún ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyẹ tàbí ejò. Bí ẹ bá dán èyí wò lórí tákàdá, kí abẹ kọjá lórí ibi tí abẹ ti kọjá, ilẹ̀ náà á jábọ́ tán wẹ́wẹ́. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ ní ìsọ̀ mi ni ihò gígùn kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn láìpàdé, ìlà kan dúró, ìlà kejì dà gẹ̀rẹ́. Láti òkèèrè, ojú á rò pé wọ́n kọ já ara wọn.

Ohun tó bá igbá mu pátápátá ni bí àwọn tó ń gé tákàdá ní Ṣáínà ṣe ń wo ẹ̀dá. Lórí igbá wa, alángbá la ń wò láti òkè, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ sílẹ̀. Ẹyẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí afíngbá dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tákàdá àwọn obìnrin ìletò Ṣáínà: ẹran tó lóyún, tí ọmọ inú rẹ̀ hàn kedere, ojú méjì lára ẹni tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Ku Shulan, obìnrin àgbẹ̀ láti Xunyi ní Shaanxi, tí UNESCO fi oyè dá lọ́lá ní 1996, orí tákàdá aláwọ̀ oríṣiríṣi tó gé tó sì lẹ̀ mọ́ra ló kó oòrùn, igi, ẹyẹ àti obìnrin aládé sí lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ kankan sọ fún yín pé ẹja yín ò jọ ẹja inú fọ́tò. Ẹ bi í bóyá ó so mọ́ra, bóyá ó ń mì.

Ní Sátidé kan, ọmọbìnrin kan ń gé ẹyẹ fún ìkómọ àbúrò rẹ̀. Ó gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá, ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀.” Lóòótọ́, orí ẹyẹ náà tóbi, ọrùn tó gbé e dúró tín-ín-rín. Ẹlòmíràn á ní kó sọ ọrùn náà di ńlá, ẹyẹ á wá di pẹ́pẹ́yẹ. Mo ní kó wo ẹnu ẹyẹ náà, kó wò ó bóyá ebi ń pa á. Ó rẹ́rìn-ín. Ibi tí tákàdá ṣì kù níwájú ẹnu rẹ̀, ó ya ẹ̀ka igi kan pẹ̀lú èso síbẹ̀, ẹnu ẹyẹ di èso mú, ẹ̀ka so mọ́ etí rìbìtì. Ọrùn ò tẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń wá nìyẹn: afárá tó dára kì í jọ afárá. Ìrù ẹja a kan omi, ọwọ́ ọmọ a di aṣọ ìyá mú, ewé a bà lé èjìká, ẹni tó ń wò ó á gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kò ní mọ̀ pé bí kò bá sí ewé yẹn ọwọ́ á já.

Bí ẹ bá ti gé ọ̀kan tó wù yín, ẹ lè fi èéfín da á kọ, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ṣáínà kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ fi omi rin tákàdá funfun, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó, ẹ tẹ́ èyí tí ẹ ti gé lé e, kí ẹ fi omi rin òun náà kó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ dojú pákó náà dé orí àtùpà alákẹrosíìnì, kí ẹ máa rìn ín lọ rìn ín bọ̀ kí iná má baà dúró lójú kan. Èéfín á sọ gbogbo rẹ̀ dúdú. Bó bá gbẹ, ẹ ṣí ti òkè kúrò: àwòrán rẹ̀ á wà nílẹ̀ ní funfun láàárín dúdú. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, kí omi wà nítòsí.

Tó bá di ṣíṣí rìbìtì tí ẹ ṣẹ́ po, ẹ tú òwú tó bá ṣì kù, ẹ ṣí i ní ìpele kan sí ìkejì, kí ẹ máa fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sáàárín ibi tó bá lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má fi èékánná họ ọ́. Ẹ fi í sáàárín ìwé ńlá kan di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń kánjú lè fi aṣọ bò ó kó lọ̀ ọ́, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná jù.

Ní ti àwọ̀, pupa ni tàwọn ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dè yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lẹ pupa àti funfun mọ́ ojú fèrèsé ìsọ̀, ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọjà Akẹ̀sán dúró, ó kí mi kú ọdún Ṣàngó. Mo dáhùn pé a kú ọdún. Dúdú lórí funfun ló ń fi iṣẹ́ hàn jù; àwọ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn lórí aṣọ òkè tàbí lórí káádíbọ́ọ̀dù funfun ló wù mí jù.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ẹ po sítáàṣì kó ṣàn, bí ti aṣọ. Ẹ má fi pa gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìka kan ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ síbi mẹ́ta, mẹ́rin, níbi tó dúdú tó sì fẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Etí rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ á máa gbé sókè díẹ̀, òjìji á wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ délẹ̀délẹ̀ ò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Tó bá jẹ́ gíláàsì fèrèsé ni, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti lẹ̀ ẹ́, nítorí òjò. Sẹ́lótéèpù ò dára fún un rárá: á pọ́n, á fi àbàwọ́n sílẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ní kí ẹ ṣí i, afárá á bá a lọ.